Bí Alhaja Onílé Ṣe Gba Sùtánà

Òórùn sítáàṣì àti ti aṣọ tútù tí áyọ́ọ̀nù gbígbóná ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ ló máa ń jí mi láàárọ̀, nígbà tí mò ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Bàrígà. Yàrá tí mò ń sùn wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ rẹ̀, pátákó lásán ló pín wa níyà, nítorí náà kò sí aṣọ tó wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn tí n kò kọ́kọ́ fi imú mọ̀. Mo ti parí ìwé mi ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe nígbà náà. Ẹja sísìn ni mo kọ́, mo sì ti rí i pé kò sí ẹja kankan ní gbogbo Ṣómólú àti Bàrígà tó nílò ìrànlọ́wọ́ mi.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi tí kì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì, tí kì í sì í jẹ́ kí aṣọ ẹni ẹlẹ́ni pẹ́ lọ́wọ́ òun. Màmá Alágbàfọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń bá a ṣiṣẹ́ ni bàbá kan tó ń lọ aṣọ, ará ìlú rẹ̀ ni, ó sì ti wà níbẹ̀ kí n tó mọ ọ̀nà Èkó. Bàbá yìí kì í kọ orúkọ sára aṣọ. Ó ní òwú aláwọ̀ oríṣiríṣi nínú agolo kan, yóò fi abẹ́rẹ́ gán òwú bíńtín sí abẹ́ ọrùn aṣọ, ó parí. Òwú wo ló jẹ́ ti ta ni, inú orí rẹ̀ nìkan ló wà, kò sì ṣi aṣọ gbé fún ẹnikẹ́ni rí.

Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni mo wá forúkọ sílẹ̀ fún ní Onípáànù, ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé kan tí wọ́n ti ń ta bàtà nísàlẹ̀. Olùkọ́ wa jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹ̀pà kì í wọ́n lápò rẹ̀. Ó ń kọ́ wa bí a ṣe ń ṣe áàpù tó ń fi nǹkan pamọ́ sínú dátábéèsì, ìyẹn àká inú kọ̀ǹpútà tí orúkọ àwọn ènìyàn àti ọ̀rọ̀ wọn máa ń wà létòlétò. A kì í sì í ti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ kọ ọ́. Férémùwọ́ọ̀kì kan wà tí à ń lò, bí egungun tí àwọn àgbà iṣẹ́ náà ti tò sílẹ̀, tí ìwọ á kàn máa fi ẹran bò. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni pé apá kọ̀ọ̀kan nínú áàpù kò gbọ́dọ̀ máa wá ohun èlò rẹ̀ kiri. Bí apá tó ń kọ orúkọ oníbàárà bá nílò dátábéèsì, kó kàn dárúkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, férémùwọ́ọ̀kì á gbé e wá bá a níbi tó jókòó sí. "Ẹ má wá a. Ẹ bèèrè ẹ," ni olùkọ́ wa máa ń wí, á sì ju ẹ̀pà sẹ́nu. Orúkọ tí àwọn òyìnbó sọ ọgbọ́n yìí ni dìpẹ́ńdẹ́ńsì ìńjẹ́kṣọ̀n. Olùkọ́ ní kí a máa rántí rẹ̀ bí ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá fi abẹ́rẹ́ gbé oògùn sí ènìyàn lára, tí aláìsàn kò dìde lọ wá oògùn fúnra rẹ̀.

Àkàwé yìí ni mo ṣàṣìṣe lọ sọ nílé. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí gbogbo òpópónà wa fi gbọ́ pé ọmọ Màmá Alágbàfọ̀ ń kọ́ṣẹ́ abẹ́rẹ́ gígún. Alhaja onílé ló kọ́kọ́ wá. Ìdílé rẹ̀ ti ní ilẹ̀ ní àdúgbò yẹn láti ayébáyé, kò sì mọ́ ọn lára kó máa tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó gun orí tábìlì tí wọ́n ti ń lọ aṣọ, ó dojú bolẹ̀ gbalaja.

"Orúnkún ọ̀tún ló ń dùn mí," ó ní, "ṣùgbọ́n ìdí ni wọ́n ti máa ń gún un."

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́ mà, kì í ṣe abẹ́rẹ́ ti ènìyàn ni mò ń kọ́."

"Ti ẹranko ni?"

"Ti kọ̀ǹpútà ni mà."

Ó gbé orí sókè lórí tábìlì náà. "Kí ló ń ṣe kọ̀ǹpútà?" ó bèèrè. Bàbá alọṣọ fà á dìde, Alhaja sì sọ fún mi kó tó lọ pé bí ara kọ̀ǹpútà bá ti yá, òun á padà wá.

Ká sòótọ́, ara kọ̀ǹpútà kò yá. Oṣù méjì àkọ́kọ́, ìjà ni èmi àti férémùwọ́ọ̀kì ń jà. N ó kọ kóòdù mi tán, n ó ní kí áàpù dìde, ńṣe ni yóò da ọ̀rọ̀ pupa sójú kọ̀ǹpútà, ó gùn bí ìgbà tí wọ́n bá ń ka orúkọ ọmọ, àna àti ọmọ-ọmọ níbi ìsìnkú ọlọ́lá. Nígbà mìíràn yóò ní òun wá ohun tí mo ní kí òun gbé wá, òun kò rí i. N ó bá a ṣe é. Yóò ní òun ti wá rí méjì báyìí, èwo ni mo fẹ́ nínú ẹ̀. Ọjọ́ kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé apá kan ń dúró kí èkejì kọ́kọ́ dìde, èkejì náà ń dúró de ti àkọ́kọ́, bí àna méjì lẹ́nu ọ̀nà tí kálukú ń sọ pé "Ẹ máa wọlé ná", tí ẹnikẹ́ni kò wọlé títí ọbẹ̀ fi tutù. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbé ẹ̀wà wá bá mi, ó wo ojú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú àánú, ó ní, "Ṣé ibi tó pupa yẹn ni o ti gún un?"

Kì í ṣe pé n kò lè fi í sílẹ̀. Ìyá mi ń pè láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé bí Èkó bá ti sú mi, kí n máa bọ̀ wá sin ẹja ní ẹ̀yìnkùlé wa, bàbá mi tiẹ̀ ti gbẹ́ kòtò rẹ̀. Kòtò yẹn ló ń lé mi lójú àlá. Nígbà tí olùkọ́ wa wá sọ pé ọ́fíìsì kan ní Palmgrove ń wá òṣìṣẹ́, àti pé ẹni tó bá gbé áàpù tí àwọn ènìyàn gidi ti ń lò wá kí oṣù tó parí ni òun máa dárúkọ fún wọn, mo mọ̀ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù láàárín èmi àti ẹja. Mo pinnu láti ṣe áàpù fún ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n ìyá mi.

Mo ṣe é lóòótọ́. Bí oníbàárà bá gbé aṣọ wá, a ó tẹ orúkọ rẹ̀ àti irú aṣọ náà sínú áàpù, dátábéèsì á gbà á, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré kan á sì tẹ bébà pélébé jáde tí a ó fi mọ́ aṣọ. Mo dán an wò ju ogún ìgbà lọ, èmi nìkan, pẹ̀lú orúkọ ara mi àti ṣíkẹ́ẹ̀tì mi kan ṣoṣo. Kò ṣàṣìṣe lẹ́ẹ̀kan. Bàbá alọṣọ wá wò ó, ó yin Olúwa, ó wá bèèrè ẹni tí yóò máa bá a gán òwú. Mo sọ fún un pé ayé òwú ti kọjá. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà," ó ní, "kò lè ní àkísà bí àgbà." Mo rò pé ọ̀rọ̀ aṣọ ló ń sọ.

Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni òjò ṣí òrùlé ilé bàbá rẹ̀ nílé, ó sì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi láti lọ bójú tó o. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi fòyà. Mo ní kó má fòyà. Mo gbé áàpù náà sórí fóònù rẹ̀ kí àwa méjèèjì lè jọ máa gba aṣọ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé bí mo ṣe ń wo ara mi nígbà yẹn, n kò rí ohun tó lè borí mi.

Ní Ọjọ́rú, oníbàárà pọ̀. Alhaja onílé gbé jàlàbíà aláwọ̀ àlùkò rẹ̀ wá, èyí tí wọ́n lẹ òkúta dídán mọ́ láti ọrùn dé ìdodo. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń gbé ní Akọkà dúró, pẹ̀lú gáùnù ńlá tí àwọn olùkọ́ yunifásítì máa ń wọ̀ lọ́jọ́ ayẹyẹ. Wọ́n pè é sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìlú kan tó jìnnà lọ́jọ́ Jímọ̀. Wòlíì ìjọ aláṣọ funfun tó wà ní òpópónà kejì ló ṣe ìkẹta, ó ká sùtánà rẹ̀ sí apá. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń tẹ orúkọ sórí fóònù bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo, èmi ń tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí bébà kò tètè jáde, ó tún orúkọ Alhaja tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bébà mẹ́rin ló jáde lẹ́yìn náà. Èyí tó ní "jàlàbíà kan" mo fi mọ́ jàlàbíà, èyí tó ní "sùtánà kan" mo fi mọ́ sùtánà, gáùnù náà gba tirẹ̀, mo sì ya ìkẹrin dànù nítorí pé àtúntẹ̀ ni. N kò ka orúkọ tó wà lábẹ́ wọn. Ọkàn mi balẹ̀ bí omi inú àmù.

Ní Ọjọ́bọ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá mi fúnra rẹ̀ ló ń lọ aṣọ, èmi ń dì wọ́n sínú bébà. Ó gbé sùtánà sókè, ó ka ohun tó wà lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Alhaja wo ló ń wọ sùtánà?"

Mo wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo wò ó. Orúkọ Alhaja onílé ló wà níbẹ̀ gbagada. Mo rò ó díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo lọ ṣí dátábéèsì, ohun kan náà ló wà níbẹ̀.

"Màmá, bí dátábéèsì ṣe sọ ọ́ nìyẹn."

"Alhaja tá a jọ mọ̀ yìí?"

"Ẹ̀rọ kì í parọ́, Màmá. Bóyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn ló lọ síbẹ̀."

Ó mi orí, ó ní ohun tó bá wà láàárín olúwarẹ̀ àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀ kì í ṣe ẹjọ́ alágbàfọ̀. Bí a ṣe dì í nìyẹn. Nígbà tí jàlàbíà olókùúta kàn, tí orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n wà lára rẹ̀, kò tún bèèrè ohunkóhun mọ́. Ó kàn wí fún ara rẹ̀ pé ìwé àkàjù kò dáa. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gbé ẹrù wọn lọ.

Kí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Jímọ̀ tó lù, Alhaja ti dé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé sùtánà síwájú bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun. Kò pariwo, ohun tó sì bà mí lẹ́rù nìyẹn.

"Màmá Alágbàfọ̀, ó ti pẹ́ tí a ti jọ ń gbé. Bí ẹ bá fẹ́ kí n wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣebí ẹ lè fi ẹnu sọ ọ́ fún mi."

"Alhaja, Onítẹ̀bọmi ni mí. Àwa gan-an kì í wọ èyí."

Ó wá yíjú sí mi. "Ìwọ tó o kọ̀ tí o ò gún mi lábẹ́rẹ́. Aṣọ mi dà?"

Ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà, bí mo bá rántí rẹ̀ títí dòní, ara mi á bù máṣọ. Mo yí kọ̀ǹpútà sí Alhaja, mo fi ìka tọ́ka sí i, mo ní, "Ẹ wò ó mà, sùtánà kan lẹ gbé wá lọ́jọ́rú." Obìnrin náà wo kọ̀ǹpútà, ó wo èmi.

"Ẹ̀rọ yìí mọ ohun tí mo gbé wá ju èmi tí mo gbé e wá lọ?"

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti kúnlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ tán. Èmi náà kúnlẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti rántí ẹni tó gbé jàlàbíà lọ, a sì pe ọ̀jọ̀gbọ́n. Fóònù rẹ̀ ń dún, kò gbé e. Wòlíì ní tirẹ̀ ti pa fóònù rẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ ní ó ti gun orí òkè lọ gbààwẹ̀, ó di òwúrọ̀ Ọjọ́ Àìkú kó tó sọ̀ kalẹ̀. Alhaja wọ aṣọ mìíràn lọ sí Jímọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò bá mi wí. Ó kàn jókòó, ó ń fi ọwọ́ pa tábìlì bí ẹni tó ń wá ibi tó ká. Gbogbo ohun tó ní ní Èkó ni orúkọ rere tó ní lẹ́nu àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn, mo sì ti fi bébà pélébé mẹ́ta bà á jẹ́.

Lọ́sàn-án Sátidé, Alhaja wà lórí àga ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń dúró de aṣọ rẹ̀, nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n gbé jàlàbíà náà wọlé. A ti múra sílẹ̀ de èébú. Ńṣe ló ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún ló kù kí wọ́n tò wọ gbọ̀ngàn nígbà tí òun tú ẹrù, ibi tí òun wà jìnnà sílé, àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ti wọ gáùnù pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ọsàn. Kò sí ọ̀nà mìíràn, òun bá wọ jàlàbíà.

"Kò sẹ́ni tó fura," ó ní. "Wọ́n ń bi mí pé yunifásítì wo ló fún mi ní irú èyí. Mo ní ó wà lọ́nà ilẹ̀ Lárúbáwá. Wọ́n bá ní kí n máa bọ̀ níwájú."

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ó wá bèèrè lọ́wọ́ wa ibi tí wọ́n ti ń ta irú rẹ̀. Alhaja gbé ojú sókè.

"Ṣé ó gùn yín dé ẹsẹ̀?"

"Ó bá mi mu rẹ́gí, Alhaja."

"Òkúta ẹ̀ ńkọ́? Wọ́n rí i?"

"Wọ́n rí i láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn."

Mo rí i tí ẹ̀rín ń jà láti já lẹ́nu rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, kò bínú sí wa tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kiri Ṣómólú pé jàlàbíà òun ti lọ sí yunifásítì.

Ó ku gáùnù. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀gbọ́n ìyá mi pa ìsìn tirẹ̀ jẹ, ohun tí n kò rí i kó ṣe rí, a gbé sùtánà lọ sí ìjọ aláṣọ funfun. A bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Ṣùgbọ́n a ti pẹ́. Wòlíì ti wà níwájú, nínú gáùnù ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ti fi aṣọ gígùn tó máa ń kọ́ èjìká gáùnù náà di àmùrè, apá aṣọ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí ìyẹ́ àṣá. Àwọn ìyá ìjọ wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ń dúpẹ́ pé Ọlọ́run ti sọ wòlíì àwọn di dókítà lórí òkè. Ó rí wa, ó rí ohun tó wà lọ́wọ́ wa, ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọlọ́gbọ́n ènìyàn ni. Ó na ọwọ́ sí wa níwájú gbogbo ìjọ, ó ní, "Àwọn tí mo ń retí ti dé," ó gba sùtánà, ó wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé lọ pààrọ̀. Nígbà tó ń dá gáùnù padà fún wa níta lẹ́yìn ìsìn, ọwọ́ rẹ̀ kò fẹ́ fi í sílẹ̀.

"Ó lápò nínú," ó sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Sùtánà kò lápò."

Bàbá alọṣọ padà dé ní ọjọ́ Ajé. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ohunkóhun pamọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tó dìde, ó ní kí n gbé gáùnù tí ọ̀jọ̀gbọ́n kò tíì wá mú wá, ó yí ọrùn rẹ̀ sóde. Òwú aláwọ̀ ewé kan wà níbẹ̀, ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún tó ti pẹ́. Ìyẹn ni pé ìdáhùn wà ní ọrùn aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń bi dátábéèsì léèrè.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé kóòdù mi lọ fún olùkọ́. Kò wò ó ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ó ní mo bèèrè dáadáa, férémùwọ́ọ̀kì náà sì gbé e wá dáadáa. Ṣùgbọ́n mo ní kó gbé apá kan tó dà bí síléètì, tí à ń kọ orúkọ oníbàárà nìkan sí, wá, n kò sọ fún un pé kó máa gbé tuntun wá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí a kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹyọ kan ló máa ń ṣe, ẹyọ kan náà ni yóò sì máa gbé fún gbogbo ayé. Bí ẹ̀gbọ́n ìyá mi bá ti kọ Alhaja sí i, kí ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́, èmi ti kọ ọ̀jọ̀gbọ́n lé e lórí, òun náà sì tún ti kọ wòlíì lé tèmi, kó tó wá tún Alhaja tẹ̀ lé ti wòlíì. Nígbà tí mo dán an wò ní èmi nìkan, ta ni ìbá kọ nǹkan lé tèmi lórí? Nínú bébà mẹ́rin ọjọ́ náà, èyí tí mo ya dànù nìkan ló tọ̀nà. Ìlà kan ṣoṣo ni mo fi tún un ṣe.

Olùkọ́ kò dárúkọ mi fún ọ́fíìsì Palmgrove lóṣù náà. Oṣù kẹta lẹ́yìn náà ló tó dárúkọ mi, nígbà tí áàpù náà ti ń ṣiṣẹ́ láìṣi aṣọ gbé, tí òwú náà sì ń bá a lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, obìnrin tó ń fi ọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò bèèrè ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹyọ kan fún gbogbo ènìyàn àti ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo sọ ọ̀rọ̀ Alhaja fún un. Ó ní kí n dúró, ó lọ pe àwọn mẹ́ta mìíràn wá, ó ní kí n tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo rí iṣẹ́ náà gbà.

Ibẹ̀ ni mo ṣì wà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ibi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ti di ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe, bí mo bá sì gba ibẹ̀ kọjá, n kì í gbóòórùn ohunkóhun. Ní ọ́fíìsì wa, bí nǹkan bá bàjẹ́, a máa ń kọ ìwé gígùn láti fi wá ẹni tó bà á jẹ́, a ó jókòó ìpàdé lé e lórí, olúwarẹ̀ á sì máa fi ẹ̀gbẹ́ ògiri rìn fún oṣù kan. Mo máa ń jókòó níbẹ̀, ọkàn mi á lọ sí Bàrígà. Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀lé ti wàhálà yẹn, àwọn oníbàárà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún gbé aṣọ wá. Ẹnikẹ́ni kò ní kí a lọ pe Bàbá alọṣọ. Alhaja kọjá lára ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ó wá dúró níwájú kọ̀ǹpútà mi, ó gbé ìdì aṣọ rẹ̀ lé orí tábìlì, ó ní, "Kọ orúkọ mi sílẹ̀, ọmọ mi. Rọra kọ ọ́."